Ohun Tí Owó Lè Tún Ṣe àti Èyí Tí Kò Lè Tún Ṣe Nínú Eré Onígbàgbọ́ Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀sùn tí àwọn lámèyítọ́, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ iṣẹ́ ọnà wò fínnífínní kí wọ́n sì sọ ibi tí ó kù sí, sábà máa ń kà sí eré onígbàgbọ́ olówó péréte lẹ́sẹ̀ kò ṣòro láti tò: àwòrán rẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í já gaara, ìwàásù inú rẹ̀ máa ń gùn ju bí ìtàn ṣe lè gbà lọ, òǹwòran sì ti mọ ẹni tí yóò borí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Síbẹ̀, irú eré yìí kan náà ni ó ti ń kó ìdílé jọ sí iwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ilẹ̀ Yorùbá fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ó ń mú kí ọmọdé fi aṣọ bojú nígbà tí olóògùn bá yọ, tí ó sì ń mú kí àgbàlagbà tí sinimá olówó ńlá ti òkè òkun kì í dá dúró jókòó wò ó dé ìparí. Ó hàn gbangba pé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kò bá a mu. Èrò tí àròkọ yìí dúró lé ni pé àìtó owó ti ṣe eré náà lóore ju bí ó ti pa á lára lọ, àti pé ibi tí eré náà ti kùnà ní tòótọ́ kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú owó.

Eré tí ń ti inú ṣọ́ọ̀ṣì jáde kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ìjọ ní Èkó ti ń fi ìtàn inú Bíbélì ṣe eré olórin, nínú èyí tí àwọn akọrin máa ń dúró lójú kan tí wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rìn tàbí jó, kí Hubert Ogunde, tí ó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, tó gbé eré rẹ̀ lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run jáde fún ìjọ Aládùúrà kan ní gbọ̀ngàn Glover ní ọdún 1944, tí ó sì fi ijó, ìlù àti ìṣesí ara kún orin. Ní Òṣogbo, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Duro Ladipo mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin Àjíǹde tí ó kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, àríyànjiyàn tí èyí sì dá sílẹ̀ wà lára ohun tí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ òrùlé ìjọ lọ sí Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú náà ní 1962. Nígbà tí yóò fi di pé tẹlifíṣọ̀n WNTV, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959, ń gbé àwọn eléré Yorùbá wọ inú ilé, eré orí ìtàgé ti di ti gbogbo ayé, ṣọ́ọ̀ṣì sì ti di ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá eléré ti wá, kì í ṣe ibi tí wọ́n wà mọ́.

Ẹnu ọ̀nà mìíràn ni eré gbà padà wọ inú ìjọ. Mike Bamiloye, tí wọ́n bí ní Iléṣà ní 1960, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìpetumodù, dá ẹgbẹ́ Mount Zion Faith Ministries sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ náà ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́, Hell in Conference, ní Iléṣà níwájú àwọn olùkọ́ onígbàgbọ́ tí wọ́n péjọ fún àpérò. Ó di 1990 kí The Unprofitable Servant tó jáde gẹ́gẹ́ bí eré tẹlifíṣọ̀n. Àkókò yìí ṣe pàtàkì. Nígbà tí Ogunde ṣe fíìmù Aiye ní 1979, fíìmù gidi ni ó lò, irú èyí tí kì í ṣeé fọ̀ ní ilé, tí ó ń gba owó òkè òkun. Ṣùgbọ́n láti 1986 tí ìjọba ti gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀, náírà já wálẹ̀ débi pé ìwọ̀nba ẹgbẹ́ eléré ni apá wọn tún ká fíìmù, kásẹ́ẹ̀tì fídíò sì di ọ̀nà àbáyọ fún onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́. Sinimá àgbéléwò, ìyẹn eré tí wọ́n fi fídíò yà fún wíwò nínú ilé, jẹ́ ọmọ ọ̀wọ́n owó, ti ìjọ sì jẹ́ èyí tí owó ọwọ́ rẹ̀ kéré jù nínú wọn, nítorí pé àwọn tí ń ṣe é kì í retí pé èrè ọjà ni yóò san owó epo.

Bí wọ́n ti ń ya irú eré bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́ kọ́kọ́ wò. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní. Níbi tí kámẹ́rà bá ti pọ̀, olùdarí eré lè fi ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ hàn kí ó sì yára fò sí ojú ẹni tí ń gbọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí kámẹ́rà ti jẹ́ ọ̀kan, tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo lẹ́yìnkùlé, tí ọmọ ìjọ tí ó yá wọn ní pálọ̀ sì fẹ́ sùn, ohun tí ó rọrùn jù ni láti gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ọkọ àti ìyàwó jókòó síwájú rẹ̀, kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Báyìí ni ìtàkùrọ̀sọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ń bá ara wọn sọ, ṣe di ohun tí ń ru ẹrù tí àwòrán ìbá rù. Òṣèré tí kò bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí, nítorí kò sí ẹni tí yóò gé àwòrán láti bò ó láṣìírí. Èyí ni ó fà á tí irú eré bẹ́ẹ̀ fi ṣeé gbọ́ láti inú kíṣìnnì láìwò ó, bí ẹni ń gbọ́ eré orí rédíò, tí ìyá tí ń dáná kò sì ní í sọ ìtàn nù. Lójú ẹni tí ó ka sinimá sí iṣẹ́ àwòrán, àbùkù ńlá ni èyí. Lójú àwọn tí wọ́n dàgbà nínú àṣà tí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ olórí iṣẹ́ ọnà, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀.

Pálọ̀ náà fúnra rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. Àga tìmùtìmù tí wọ́n fi aṣọ léèsì bò ní ẹ̀yìn, kàlẹ́ńdà ìjọ lára ògiri, òdòdó oníke lórí tẹlifíṣọ̀n, fọ́tò ìgbéyàwó tí ó ti ń pọ́n, fáànù òkè àjà tí ń yí jẹ́jẹ́ nítorí pé iná kò lágbára: kò sí ẹni tí ó ra àwọn nǹkan wọ̀nyí nítorí eré, ibẹ̀ ni wọ́n wà kí àwọn eléré tó dé. Ilé tí òǹwòran ń wò kò yàtọ̀ sí ilé tí ó jókòó sí. Àwọn àjẹ́ inú Aiye ń ṣe ìpàdé wọn nínú igbó, níbi tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò ní ohun tí wọ́n ń wá lọ, ṣùgbọ́n nínú eré àwọn ajíhìnrere, inú yàrá tí kàlẹ́ńdà ìjọ wà ni kọ́tìnì ti ń mì ní aago méjì òru láìsí afẹ́fẹ́, ẹni tí ó sì ń wò ó yóò bojú wẹ̀yìn wo kọ́tìnì tirẹ̀. Kò sí iye tí ẹgbẹ́ tí ó lówó lè fi kọ́ ilé eré tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ibùdó ìtàn, tí ó túmọ̀ sí ibi tí ìtàn ti wáyé, ni ó mú ìbẹ̀rù wọ inú ilé òǹwòran, àìlówó sì ni ó yan ibùdó náà.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí iṣẹ́ ìyanu kò fi bẹ́ẹ̀ díjú. Bí olóògùn bá fẹ́ pòórá, ayàwòrán yóò dá kámẹ́rà dúró, gbogbo àwọn tí ó kù yóò dúró gbagidi bí wọ́n ṣe wà, olóògùn yóò rìn jáde, kámẹ́rà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá mi orí díẹ̀, àṣírí tú, àwọn ọmọdé pàápàá sì máa ń rí i. Ọ̀rá pupa tí wọ́n fi bo gílóòbù ni iná ọ̀run àpáàdì, ohùn tí wọ́n fà gùn títí ó fi ki ni ohùn ẹ̀mí àìmọ́, mànàmáná tí kọ̀ǹpútà yà sì máa ń bẹ́ láti ọwọ́ wòlíì lọ bá àyà ọ̀tá láìfi òjìji sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gba àwọn nǹkan wọ̀nyí gbọ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán. Ohun tí wọ́n dúró fún ni wọ́n gbà gbọ́, gẹ́gẹ́ bí òǹwòran eégún aláré kò ṣe dààmú pé aṣọ ni eégún tí ó di ọ̀nì.

Etí ni ibi tí eré yìí ti lọ́rọ̀ jù lọ. Agbára Ńlá, tí Mount Zion gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ni ó sọ ẹgbẹ́ náà di ìlú mọ̀ọ́ká, orúkọ tí àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà náà kò sì tíì gbàgbé títí di òní kì í ṣe orúkọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run inú rẹ̀ bí kò ṣe ti Ìṣáwùrù, olóògùn tí ó ń dẹ́rù bà wọ́n. Kò yani lẹ́nu. Ẹnu rẹ̀ ni Yorùbá tí ó jinlẹ̀ wà. Ọfọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ agbára tí olóògùn máa ń pè láti mú ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣẹ, ní ìlànà tí ó le: apọfọ̀ yóò kọ́kọ́ pe ohun tí ó fẹ́ bá lò lórúkọ, yóò sọ ìṣe àdámọ́ ewé, ẹranko tàbí odò kan tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà, lẹ́yìn náà ni yóò wá so ohun tí ó ń fẹ́ mọ́ ìṣe náà, tí ó sì jẹ́ pé nígbà púpọ̀ ìró inú orúkọ ewé náà ni yóò fi so ó. Èémí gígùn ni ó ń gbà, àti ìrántí, àti ohùn tí ó mọ ibi tí yóò gbé ga àti ibi tí yóò ti rẹ̀ sílẹ̀. Ìdáhùn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kì í ju orúkọ Jésù àti ẹsẹ Bíbélì kan tàbí méjì lọ, ní Yorùbá tí ó rọrùn bí ti ìwé kíkà ọjọ́ ìsinmi.

Òǹwòran tí ó bá yára yóò sọ pé òǹkọ̀wé fi gbogbo adùn fún Èṣù, kò sì ṣẹ́ nǹkan kan kù fún Ọlọ́run. Bí wọ́n bá tún un wò, yóò hàn pé nínú àìdọ́gba yìí gan-an ni àhunpọ̀ ìtàn, ìyẹn bí wọ́n ṣe so ìṣẹ̀lẹ̀ kan mọ́ òmíràn, ti rí agbára. Olóògùn ń kó ọ̀rọ̀ jọ, ó ń kó ewé jọ, ó ń kó orúkọ ẹ̀mí jọ, òkìtì ọ̀rọ̀ náà sì ń ga sí i títí etí òǹwòran yóò fi kún. Orúkọ kan ṣoṣo ni yóò wó o. Bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run bá ní ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀tá rẹ̀, ìjà láàrin olóògùn méjì ni ìbá jẹ́, irú èyí tí àwọn fíìmù Ogunde ti ṣe dáadáa ṣáájú. Ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó béèrè pé kí ìdáhùn kúrú, àṣà ìbílẹ̀ ni ó sì mú kí ìpèníjà gùn kí ó sì dùn, débi pé onígbàgbọ́ tí kò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni pe ọfọ̀ nínú ilé rẹ̀ lè jókòó fi etí jẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìbẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀. Bóyá òun gan-an ni ìfà tí ó tóbi jù nínú eré náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń ṣe é kò ní í fẹ́ gbọ́ ọ.

Àwọn òṣèré wọ̀nyí kì í ka ara wọn sí òṣèré nìkan. Ajíhìnrere ni wọ́n, ààwẹ̀ àti àdúrà sì máa ń ṣáájú yíya eré, pàápàá fún ẹni tí yóò ṣe ipa ẹ̀mí àìmọ́, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹ̀mí tí wọ́n fi eré pè lè wá ní tòótọ́. Mike Bamiloye ti tẹnu mọ́ ọn ní gbangba nígbà púpọ̀ pé ìgbé ayé ẹni tí ń ṣe irú eré yìí gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó ń ṣe mu. Ìgbàgbọ́ kò sọ ẹnikẹ́ni di òṣèré, ó sì pọ̀ nínú eré àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí ọkọ máa ń ka ọ̀rọ̀ sí ìyàwó rẹ̀ létí bí ẹni ń ka ìkéde. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò àdúrà bá dé nínú ìtàn, ohun mìíràn máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn òṣèré kan náà: líle ara wọn á tú, òógùn gidi á bọ́, ohùn á há, nítorí pé wọn kò ṣe eré mọ́, àdúrà ni wọ́n ń gbà. Àwọn tí ń wò ó mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ṣe àmín sí tẹlifíṣọ̀n. Ní 2004, àjọ NBC tí ń ṣàkóso iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà fòfin de gbígbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí sáfẹ́fẹ́, àríwísí sì pọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù. Eré kò sí lára ohun tí òfin náà dojú kọ, nítorí àròsọ ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àròsọ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń rí ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀rí.

Àwọn àléébù tí ó kù ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ le lé lórí. Àkọ́kọ́ ni pé eré náà fẹ́ràn láti fi ọ̀ràn ìlú di ọ̀ràn ẹbí. Nínú àwọn ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí owó oṣù kò dé tí oògùn sì tán ní ilé ìwòsàn ìjọba, ìdáhùn tí irú ìtàn yìí sábà ń fún ẹni tí ó béèrè ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́ fún un ni pé ẹnìkan wà ní abúlé, ìyá àgbà kan tàbí àbúrò bàbá kan, tí ó so orúkọ rẹ̀ mọ́ ìdí igi. Ẹni tí ó kó owó oṣù jẹ kò sí nínú ìtàn. Eré tí ó ń fi gbogbo ẹnu bú ẹ̀ṣẹ̀ gbójú fo ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tóbi jù nínú ìlú, ó sì fi ìyá arúgbó dípò rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àṣìṣe kékeré, nítorí àwọn ìyá arúgbó wà ní tòótọ́, wọ́n sì wà ní abúlé tí àwọn òǹwòran ti wá.

Obìnrin ni ó tún ń ru ẹrù jù. Ìyàwó tí kò gbàdúrà ni ó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n rán wá, ìyá ọkọ ni olórí àjẹ́. Ọkọ, bí ó bá ṣẹ̀ rárá, wọ́n tàn án ni. Ní ti babaláwo, kò sí ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ń kọ́ Ifá, ẹni tí ń wo àìsàn, àti ẹni tí ń fi ènìyàn ṣe ètùtù ọlà: inú àpò kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, wọ́n sì da aṣọ pupa bò ó. Kò sí ẹni tí ó retí pé kí ajíhìnrere yin Ifá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni láti mọ ọ̀tá rẹ̀, ọ̀tá tí òǹkọ̀wé kò mọ̀ kì í sì í dẹ́rù bani pẹ́.

Pé owó nìkan kọ́ ni ó ń pinnu, ilẹ̀ mìíràn jẹ́rìí sí i. Ní Amẹ́ríkà, ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní ìlú Albany ní ìpínlẹ̀ Georgia fi nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, ìyẹn 100,000, ṣe fíìmù Facing the Giants tí ó jáde ní 2006, àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n sì jẹ́ òṣèré níbẹ̀. Ó pa ju mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ. Àwọn lámèyítọ́ bú u gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń bú ti ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ṣe é fún sì kún ilé sinimá. Kinshasa ní Kóńgò sún mọ́ ti Yorùbá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Katrien Pype, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá láti Bẹ́ljíọ̀mù, tẹ ìwé jáde ní 2012 lórí àwọn ẹgbẹ́ Pẹntikọ́sì tí ń ṣe eré àtìgbàdégbà fún tẹlifíṣọ̀n ní ìlú náà, ohun tí ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ nípa àdúrà ṣáájú yíyàwòrán, ìbẹ̀rù àwọn tí ń ṣe ipa àjẹ́, àti òǹwòran tí ń ka eré sí ìkìlọ̀, ẹni tí ó bá mọ Ilé-Ifẹ̀ kò ní í rí àjèjì nínú rẹ̀.

Owó ti ń dé díẹ̀díẹ̀ báyìí. Láti ìgbà tí YouTube ti gba ipò kásẹ́ẹ̀tì àti àwo, kò di dandan mọ́ kí ẹgbẹ́ ra àkókò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kí òǹwòran tó rí eré rẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀n àti Houston sì ń wò ó ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ará Òṣogbo. The Train, tí ó jáde ní 2020 lórí ìgbé ayé Mike Bamiloye, àti Enoch, tí ó jáde ní 2023 lórí ti Pásítọ̀ E. A. Adeboye, ní aṣọ ìgbà àtijọ́, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n tò dáadáa àti ohùn tí ó já gaara. Gbogbo ohun tí owó lè tún ṣe ni wọ́n ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ eré tuntun àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, tí kámẹ́rà inú wọn ń fò lókè ilé bí ẹyẹ, ìwàásù kò kúrú, ọmọ ọ̀dọ̀ láti abúlé ṣì ni afurasí àkọ́kọ́, pálọ̀ tí ó dà bí ti òǹwòran sì ti di ilé alájà tí wọ́n yá ní Lẹ́kí, tí kò sí kàlẹ́ńdà ìjọ lára ògiri rẹ̀.

Ohun kan tilẹ̀ ń sọnù tí kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ìránṣẹ́ Èṣù inú àwọn eré tuntun ń wọ kóòtù, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn mẹ́ta ni ó sì máa ń sọ kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ìran tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí Ìṣáwùrù lẹ́nu dàgbà ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí ọfọ̀ ṣì wà ní àyíká, lórí rédíò, ní ìtàgé àwọn Ogunde àti Ladipo, lẹ́nu àwọn àgbà ilé. Etí ni wọ́n fi gbà á kí wọ́n tó gba Jésù. Ilé ẹ̀kọ́ eré onígbàgbọ́ lè kọ́ ọ̀dọ́ ní bí wọ́n ti ń lo kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò tíì sí ìjọ tí yóò rán ọmọ rẹ̀ lọ jókòó ti apọfọ̀ kí ó lè mọ ohun tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run yóò dáhùn sí.